Bí ẹ ṣe lè kóra jọ kọ́ èdè Gíríìkì òde òní

Èèyàn lè gbé àdúgbò Kypseli ní Áténì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó máa fi ìka júwe tòmátò fún ọlọ́jà, kó máa fi Òyìnbó kéékèèké gbé e, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bá wá dé, ọmọ ẹ̀ tó wà ní puráímárì ló máa bẹ̀ kó wá bá òun túmọ̀. Ìyẹn ò dáa tó. Ṣùgbọ́n Gíríìkì kì í ṣe èdè téèyàn máa dá jókòó tì nínú yàrá, á tètè súni, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí èèyàn mélòó kan ṣe lè kóra jọ kọ́ ọ, yálà ẹ ti wà ní Gíríìsì o, àbí Kípírù, àbí ẹ ṣì wà n'Íbàdàn tẹ́ ẹ̀ ń retí físà. Ohun kan ni mo máa tẹnu mọ́: ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ojú Òyìnbó nìkan lẹ ó máa fi wo èdè yìí. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó máa ń da Òyìnbó láàmú nínú Gíríìkì, Yorùbá ti ní in sílé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ṣa ara yín jọ

Èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó. Tẹ́ ẹ bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, àwọn méjì tó lẹ́nu ni á máa sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á pa máìkì, wọ́n á máa dín dòdò. Ẹ bi kálukú léèrè ohun tó fẹ́ fi èdè náà ṣe, torí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní erékùṣù àti ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ nílò ò jọra.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí pásítọ̀ kan láàárín yín tó ti kọ́ Gíríìkì nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ti mọ lẹ́tà, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Ẹ kàn tètè fọgbọ́n sọ fún un pé ti Májẹ̀mú Tuntun lèyí tó kọ́, àti pé bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ wọn pè é níbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é l'Áténì lónìí. Β tó ń pè ní b, v ni. Η tó ń pè ní ẹ̀, i ni. Tó bá fi ti Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n gbé kọfí wá, ẹni tó ń gbé kọfí á kàn máa wò ó ni.

Táwọn kan bá wà nílé táwọn kan wà ní Gíríìsì, ẹ máa kọ aago ibi méjèèjì sílẹ̀. Nígbà òtútù, wákàtí kan ni Gíríìsì fi ṣíwájú Nàìjíríà, nígbà ooru wọn á di méjì, torí wọ́n máa ń yí aago níparí oṣù kẹta àti níparí oṣù kẹwàá, àwa ò sì yí tiwa. Ọ̀sẹ̀ tí aago bá yí ni ìjà "mo ti ń dúró látàárọ̀" máa ń bẹ́ nínú gúrúùpù.

Ìgbésẹ̀ 2: Lẹ́tà, ọ̀sẹ̀ kan péré

Lẹ́tà 24 ni wọ́n ní. Α, Ε, Ι, Κ, Μ, Ο, Τ, Ζ, ẹ ti mọ ìyẹn. Àwọn tó ń tanni jẹ ni kẹ́ ẹ lo àkókò lé lórí: Ρ kì í ṣe p, r ni. Η kì í ṣe h, i ni. Υ náà, i ni. ν kékeré jọ v, àmọ́ n ni. Χ dà bíi h tí wọ́n há jáde látọ̀nà ọ̀fun.

Ọ̀nà tó yá jù ni kí kálukú kọ orúkọ ara ẹ̀ ní lẹ́tà Gíríìkì. Ẹ wo ti Giannis tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Adétòkunbọ̀ lorúkọ bàbá ẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé. Àmọ́ Δ àwọn Gíríìkì kì í ṣe d, ó ń dún bíi th tó wà níbẹ̀rẹ̀ this, Β wọn náà ti di v, torí náà tí wọ́n bá fẹ́ kọ d, ντ ni wọ́n á kọ, tí wọ́n bá fẹ́ kọ b, μπ ni, tó bá jẹ́ g, γκ ni, u sì ni ου. Bó ṣe di Αντετοκούνμπο nìyẹn. Nígbà tó di ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì lọ́dún 2013 tí wọ́n wá fi lẹ́tà Òyìnbó da Gíríìkì yẹn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Antetokounmpo ló jáde, ni gbogbo ayé bá ń fi ahọ́n ṣẹ́ ẹ kiri.

Adébáyọ̀ á di Αντεμπάγιο, Fúnmi á di Φούνμι. Ṣọlá á di Σολά torí wọn ò ní ṣ, àwọn ará Ìbàdàn ò ní rí wàhálà kankan níbẹ̀. Gbénga ló máa jìyà díẹ̀ o, gb ò sí lẹ́nu wọn rárá.

Wọ́n á dẹ́rù bà yín pé i pọ̀ jù: ι, η, υ, ει, οι, i ni gbogbo wọn. Òótọ́ ni, ε àti αι náà ò yàtọ̀ síra, ο àti ω náà ò yàtọ̀. Ìyẹn jẹ́ kí kíkọ ọ́ sílẹ̀ le, àmọ́ kíkà rẹ̀ ò le, tẹ́ ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà ẹ lè ka ọ̀rọ̀ tẹ́ ò mọ̀tumọ̀ ẹ̀ rárá. Ẹ máa ka ohun gbogbo tójú yín bá rí, orúkọ àdúgbò, pátákó ilé ìtajà oògùn, ara páálí mílíìkì, kẹ́ ẹ yà á ní fọ́tò sínú gúrúùpù kí ẹlòmíì kà á sókè. Àmì ìbéèrè wọn ni ; o, ẹ má rò pé gbólóhùn ṣì ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi àmì ohùn Yorùbá gbé e

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó bá ti ju sílébù kan lọ máa ń ní ibì kan tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi àmì kan ṣoṣo síbẹ̀. Ọdún 1982 ni ìjọba wọn fi àmì kan yìí rọ́pò àwọn àmì rẹpẹtẹ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ dúpẹ́. Àmì yẹn jọ ohùn òkè wa, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀: ibi tí wọ́n bá fi í sí, ẹ pè é ní mí, ibi tó kù ẹ jẹ́ kó wà ní dò. Καλημέρα, kàlìmẹ́rà, ẹ káàárọ̀. Ευχαριστώ, ẹ̀fhàrìstó, ẹ ṣé. Παρακαλώ, pàràkàló, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe pé ohùn wọn rí bíi tiwa gẹ́lẹ́, wọ́n tún máa ń fà á díẹ̀ kó sì le sí i létí, àmọ́ ó máa gbé yín dé ibi tí wọ́n á ti gbọ́ yín yé.

Tẹ́ ẹ bá gbé àmì síbòmíì, ọ̀rọ̀ á yí. Πότε, pótè, ni ìgbà wo, ποτέ, pòté, ni láéláé. Γέρος ni arúgbó ọkùnrin, γερός ni ẹni tára ẹ̀ le koko. Ẹni tó ń sọ Òyìnbó máa ń ní kí wọ́n tún èyí ṣàlàyé fóun dáadáa, ọmọ Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀ ò nílò ìyẹn.

Nínú ìpàdé, ẹnì kan á pe ọ̀rọ̀, àwọn tó kù á fi dò àti mí dá a lóhùn. Ẹni tó bá pe θάλασσα, òkun, yẹ kó gbọ́ mí-dò-dò, ẹni tó bá pe νερό, omi, yẹ kó gbọ́ dò-mí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, ẹ má jẹ́ kó di kíláàsì orin.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìkíni kó ṣáájú gírámà

Ìwé tó pọ̀ ló máa fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ há tábìlì gírámà sórí. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Àwọn Gíríìkì mọ̀ọ̀yàn-ań kí bíi tiwa, ohun gbogbo ló ní ìkíni tiẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Καλή εβδομάδα. Ọjọ́ kìíní oṣù, Καλό μήνα, ọlọ́jà, awakọ̀, ẹni tẹ́ ẹ jọ wọ lífìtì, gbogbo wọn ló máa sọ ọ́. Ẹni tó wọ aṣọ tuntun tàbí tó gẹ irun, Με γεια. Ẹni tó ra ilé tàbí mọ́tò, Καλορίζικο. Aláìsàn, Περαστικά. Ọjọ́ ìbí, ọdún, ọjọ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọ èèyàn lórúkọ, Χρόνια πολλά. Aboyún, Καλή λευτεριά, ibẹ̀ gan-an làwa ti máa ń sọ pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Torí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú WhatsApp gúrúùpù yín ni pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí i káwọn tó kù má kí i ní Gíríìkì. Ẹnì kan ní orí ń fọ́ òun, káwọn míì da Περαστικά bò ó. Láàárín oṣù kan, ẹnu yín á ti yọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà ńkọ́? Γεια σου fún ẹgbẹ́ yín, Γεια σας fún àgbà, fún ẹni tẹ́ ò mọ̀, àti fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Τι κάνεις; fún ọ̀rẹ́, τι κάνετε; fún ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ o àti ẹ náà ni, ẹ ò nílò orí ìwé mẹ́ta lórí ẹ̀. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé nínú ilé tiwọn, ọmọ lè máa pe ìyá àgbà ẹ̀ ní εσύ, ìyẹn ìwọ, kò sì sẹ́ni tó máa bínú. Ẹ má là á mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ̀yin ẹ máa lo σας yín lọ títí wọ́n á fi ní kẹ́ ẹ dẹ́kun.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí ìpàdé ṣe máa lọ

Wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìdajì wákàtí ẹnu ni, kì í ṣe ìwé. Ẹ mú ohun kan tẹ́ ẹ máa ṣe láàárín ìlú, kẹ́ ẹ ṣe é bí eré orí ìtàgé. Ẹ jẹ́ ká mú λαϊκή, ọjà ojú pópó tó máa ń dé sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tiẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹnì kan ń ta, ẹnì kan ń rà:

— Καλημέρα σας. Πόσο κάνουν οι ντομάτες;
— Ενάμισι ευρώ το κιλό.
— Βάλτε μου δύο κιλά, παρακαλώ.
— Τίποτα άλλο;
— Όχι, ευχαριστώ.
— Τρία ευρώ. Ορίστε.

Oníbàárà béèrè iye tí tòmátò jẹ́, ó gbọ́ pé yúrò kan àtààbọ̀ ni kílò, ó ní kí wọ́n wọn kílò méjì fóun, wọ́n ní ṣé kò ra nǹkan míì, ó ní ó tán, ó san yúrò mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kan àkọ́kọ́, ẹ kà á látinú ìwé. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ pa ìwé dé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ gan-an: kí ẹni tó ń ta bá eré náà jẹ́. Kó ní Δεν έχω ρέστα, kò sí ṣéńjì. Kó ní Τελείωσαν, ó ti tán. Kó sáré sọ̀rọ̀, kó máa pariwo pe àwọn oníbàárà míì láàárín ọ̀rọ̀, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́jà nìyẹn, ẹni tó bá mọ gbólóhùn tó wà nínú ìwé nìkan, ibẹ̀ ló máa dúró sí bí ère. Tí ẹni tó ń rà bá há, kò gbọdọ̀ bọ́ sí Òyìnbó tàbí Yorùbá, Πιο αργά, παρακαλώ, ẹ rọra sọ ọ́, tàbí Δεν κατάλαβα, kò yé mi, ló máa sọ. Ẹ há méjèèjì yìí sórí kẹ́ ẹ tó há orúkọ èso kankan.

Ẹ máa fẹ́ nájà o, mo mọ̀ wá. Λαϊκή kì í ṣe Bódìjà, iye tó bá wà lára páálí náà ni, àmọ́ tí ọjà bá ti ń tú lọ́sàn-án wọ́n máa ń já a wálẹ̀, ìgbà yẹn lẹ lè gbìyànjú ẹnu yín.

Lọ́sẹ̀ míì ẹ ṣe ti kọfí: σκέτο ni èyí tí kò ní ṣúgà, μέτριο ni ti ṣúgà níwọ̀nba, γλυκό ni ti ẹni tó fẹ́ kó dùn. Lẹ́yìn ìyẹn, dókítà, lanlọ́ọ̀dù, àwọn ΚΕΠ tí wọ́n ti ń ṣe pépà ìjọba.

Ẹ fi ọwọ́ àti orí sí eré náà. Ναι tó ń dún bí ẹni ń sọ pé nẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ló jẹ́, όχι ló sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà míì wọn ò tiẹ̀ ní lanu, wọ́n á kàn gbé orí àti ojú sókè díẹ̀, rárá nìyẹn. Ẹ má sì ṣí ìka márààrún sí ojú ẹnikẹ́ni, kódà tó bá jẹ́ pé ẹyọ márùn-ún lẹ fẹ́ rà. Èébú ni, ẹni tí wọ́n bá ti ṣe wàká fún rí nílé ò nílò àlàyé míì.

Ìgbésẹ̀ 6: Gírámà, ẹ pín in

Kí kálukú mú nǹkan kékeré kan, kó lọ kọ́ ọ, kó wá fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn tó kù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ́ èèyàn ni ẹ̀kọ́ náà máa kọ́kọ́ yé.

Ẹ ó rí i pé àwọn kan máa wọlé kíá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ohun tó ń bọ̀, θα lẹ máa fi ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe, kì í yí padà, bí á àti yóò ṣe rí lọ́dọ̀ wa: θα πάω, màá lọ, θα πάμε, a máa lọ. Δεν ni wọ́n fi ń sọ pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀, iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe lòun náà máa ń wà: δεν ξέρω, mi ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ fẹ́ lọ, θέλω να πάω, ó dà bí ìgbà téèyàn sọ pé mo fẹ́ kí n lọ. Ẹ má lọ wá bí wọ́n ṣe ń sọ to go, wọn ò ní in.

Ibi tí Yorùbá ò ti lè gbà yín ni akọ, abo àti èyí tí kì í ṣe méjèèjì. Ó kan náà la fi ń pe ọkùnrin, obìnrin àti àga, àwọn ní ο, η àti το: ο δρόμος ni ojú ọ̀nà, η πόρτα ni ilẹ̀kùn, το παιδί ni ọmọ. Ẹ má bi wọ́n pé kí ló dé tí ọmọdébìnrin, το κορίτσι, ò fi jẹ́ abo, bó ṣe rí ló rí. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ láìkọ ο, η tàbí το síwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi báírò aláwọ̀ mẹ́ta kọ ọ́, búlúù, pupa, àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá fò ó, kó ra súwíìtì fún gbogbo ilé.

Ìgbésẹ̀ 7: Ohun èlò

Kò pọ̀. Complete Greek ti Language Transfer, ẹ̀kọ́ àfetígbọ́ kéékèèké 120 ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń fi Òyìnbó kọ́ni àmọ́ ó mọ̀ ọ́n kọ́. Kẹ́ ẹ fi mẹ́ta mẹ́ta gbọ́ ọ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa dá a dúró kẹ́ ẹ fi ẹnu dáhùn, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí YouTube, Easy Greek máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójú títì, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń wà nísàlẹ̀. Duolingo dáa fún lẹ́tà, kó má kàn jẹ́ òun nìkan. Ẹ tan ERT, rédíò ìjọba wọn, sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń se oúnjẹ, bó tilẹ̀ yé yín tàbí kò yé yín.

Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Gíríìkì sórí fóònù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fòfin de Greeklish. Greeklish ni báwọn ọ̀dọ́ wọn ṣe ń fi lẹ́tà Òyìnbó kọ Gíríìkì, 8 dípò θ, 3 dípò ξ. Ẹ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, àmọ́ ẹni tó bá ń fi bẹ̀rẹ̀, ó máa pẹ́ kó tó mọ ibi tí àmì ń wà. Àwa tá à ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i ṣáà mọ ohun tójú wa ti rí.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọ̀rọ̀ àgbà àti àtúnṣe

Ibí lọ̀pọ̀ gúrúùpù wa ti máa ń fọ́. Ẹ̀gbọ́n ò ní fẹ́ kí àbúrò máa já òun gbà lẹ́nu, àbúrò náà ò ní lè sọ fún ẹ̀gbọ́n pé "kò rí bẹ́ẹ̀", gbogbo yín á wá máa sọ àṣìṣe kan náà lọ. Ẹ ṣe é báyìí: kí ẹnì kan máa kọ àṣìṣe sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, láìkọ orúkọ, kó wá kà á jáde níparí. "A gbọ́ το πόρτα lónìí, η πόρτα ni." Kò kan ẹnikẹ́ni. Kí iṣẹ́ náà sì máa yí láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá tó dàgbà jù.

Ẹ tún lè da owó jọ fi gba tíṣà Gíríìkì kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wá gbọ́ yín sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó tún ohun tó ti wọ́ ṣe. Tí Gíríìkì bá sì ń fi Òyìnbó dá yín lóhùn lójú títì, torí wọ́n fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, ẹ sọ fún un pé Μαθαίνω ελληνικά, mò ń kọ́ èdè yín, kẹ́ ẹ tún máa bá Gíríìkì yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 9: Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí

Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Ελληνομάθεια wà, Kέντρο Ελληνικής Γλώσσας tó wà ní Tẹsalóníkà, bẹ́ẹ̀ ni, Tẹsalóníkà inú Bíbélì, ló ń ṣètò ẹ̀, oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ láti A1 tó rọrùn jù dé C2 tó le jù. Gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ ló wà níbẹ̀. Ìdánwò míì ni ti ẹni tó fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, wọ́n máa ń béèrè ìtàn, jọ́gíráfì àti ètò ìjọba nínú tìyẹn, kí ẹni tó bá ń lé e lọ béèrè dáadáa kó tó sanwó fún èyí tí kò nílò. Tẹ́ ẹ bá pé méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ máa jókòó ìdánwò, láti oṣù kìíní ni kẹ́ ẹ ti ya ìpàdé kan lọ́sẹ̀ sọ́tọ̀ fún kíkọ, torí i márùn-ún yẹn ṣì ń dúró dè yín.

Nínú oṣù kẹjọ, ẹ sinmi. Áténì á ti ṣófo nígbà yẹn, gbogbo èèyàn á ti wà létí òkun tàbí lábúlé. Kí kálukú kàn máa fi voice note kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú kan, ohun tó jẹ, ibi tó lọ, ẹni tó rí. Tí oṣù náà bá ti ń parí ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn pé Καλό χειμώνα, òtútù á bá wa re, bẹ́ẹ̀ ooru ṣì ń mú láti pa èèyàn. Ẹ kí wọn padà, kẹ́ ẹ mú ọjọ́ tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án.